Àwọn Fìlà Ẹnu Kòtò

Amọ̀ tútù tó ti abẹ́ ilẹ̀ jáde ní òórùn tirẹ̀. Ó dà bí irin tí òjò pa, tí ewé jíjẹrà wá bò mọ́lẹ̀. Èmi mọ òórùn yẹn ju òórùn ọbẹ̀ ilé mi lọ. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n bèèrè láti Ìkòtún dé Ìgandò, títí wọ Ayọ̀bọ̀ níbi tí àwọn lánlọ́ọ̀dù ti ń kọ́lé lójoojúmọ́, ta ló ń gbẹ́ kànga tí kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Èmi ni wọn á júwe fún ọ. Nítorí náà, nígbà tí òórùn amọ̀ yẹn pàdé mi ní ìlú ìyàwó mi, lẹ́sẹ̀ òkè lápá Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀rín ló pa mí. Mo ní, áà, ilé ni mo dé yìí.

Ìyá ìyàwó mi la fẹ́ mú wá sí Èkó. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó ti ṣubú nínú ilé rí, òun nìkan ló sì ń gbé. Gbogbo ọmọ rẹ̀ ló ti bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀ jálẹ̀. Mo sọ fún ìyàwó mi pé kó fi í sílẹ̀ fún mi, pé èmi ni màá mú un bọ̀.

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. “Bàbá Ìbejì, ilẹ̀ lẹ mọ̀ ọ́n gbẹ́. Ẹ ò lè gbẹ́ inú Màmá mi.”

“Ìwọ ṣá máa wò mí,” ni mo fi dá a lóhùn.

Orí ọ̀kadà la wà láti ìlú kékeré kan dé òmíràn, nítorí mọ́tò ò lè gba ọ̀nà náà mọ́. Gbogbo ìlú wọ̀nyẹn ni wọ́n ti wa góòlù rí láyé àwọn òyìnbó. Páànù orí ilé ti pọ́n bí osùn. Ìtàkùn ti wé mọ́ àwọn irin ẹ̀rọ ńlá tí ẹnikẹ́ni ò lè gbé, omi aláwọ̀ ewé sì dúró sínú kòtò lẹ́yìnkùlé. Òkè dúdú ga lẹ́yìn wọn, ìkùukùu bò ó lórí. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ọmọ Ìkòtún ni mí. Bí jẹnẹrétọ̀ ò bá ké, ara mi kì í balẹ̀. Níbẹ̀, àwọn ewúrẹ́ pàápàá ń rọra tẹlẹ̀, bí ẹni pé wọ́n mọ̀ pé òfìfo ni abẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá mú èmi àti ìyàwó mi lọ sí kòtò àtijọ́ kan lẹ́yìn ìlú. Igi kan wà lẹ́nu rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà páànù, wọ́n kan èèkàn mọ́ ọn lára, fìlà mélòó kan sì kọ́ sára èèkàn náà, gbogbo wọn ti di aláwọ̀ eérú. Ìyá ṣàlàyé fún mi. Awakùsà tó bá fẹ́ wọlẹ̀ á kọ́kọ́ fi fìlà rẹ̀ kọ́ síbẹ̀. Lọ́sàn-án, ìyàwó rẹ̀ á wá sí ẹnu kòtò, á ké pe, “Oúnjẹ ti délẹ̀ o, ẹ gòkè wá!” Ọkọ á jáde tòun ti amọ̀ lára, á mú fìlà rẹ̀. Fìlà tó bá ṣì wà lára igi, ẹni tó ni ín ṣì wà nísàlẹ̀.

Ó nawọ́ sí ọ̀kan tó jẹ́ àbùlẹ̀ lórí àbùlẹ̀. Níbi tó kọ́ sí náà ni Ìyá ti máa ń rán an, kì í mú un kúrò. “Ti bàbá ìyàwó yín nìyẹn.”

“Ṣé ẹ ti pè wọ́n, Màmá?”

Ó mi orí. Láti ọjọ́ tí ilẹ̀ ti ya lé ọkọ rẹ̀ lórí nínú kòtò náà, kò pè é rí. “Bí mo bá pè, tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn ńkọ́? Bí mo bá sì lọ sí Èkó, tí wọ́n jáde, ta ni wọ́n á bá nílé?”

Mo ní, “Màmá, èmi tí mo ń wọlẹ̀ lójoojúmọ́ ni mò ń sọ fún yín. Omi àti òkúta nìkan ló wà níbẹ̀, jàre.” Ooru ń mú mi. Mo ṣí fìlà mi, mo fi í kọ́ sórí èèkàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá, bí mo ṣe máa ń fi í kọ́ sára igi ní Ìgandò tí mo bá fẹ́ wonú kànga. Mo lóṣòó, mo ń fọwọ́ gbá etí kòtò, mo ń ṣàlàyé iṣẹ́. Ìgbà tí màá fi yíjú padà, àwọn méjèèjì ti lọ. Mo sáré tẹ̀lé wọn, mo gbàgbé fìlà.

Mo kí ọkùnrin kan tó ń pọ́n àdá lójú ọ̀nà. Ó wo ibi tí mo dúró sí bí ẹni ń wo ògiri. Mo kí àwọn obìnrin lẹ́bàá odò, wọ́n dákẹ́ títí mo fi kọjá. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi kọ̀yìn sí mi, ó ń sunkún. Ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀: “Bàbá Ìbejì ti wọlẹ̀. Wọn ò tíì jáde.”

“Ṣé orí yín pé ni? Èmi rèé!”

Ìyá ń gé iṣu lọ, bí ẹni pé atẹ́gùn ló fẹ́. Ṣebí ènìyàn lè ṣe eré. Ṣùgbọ́n ajá ilé tó ń ju ìrù fún mi láàárọ̀ gba iwájú mi kọjá, kò tilẹ̀ gbóòórùn mi. Ìgbà náà ni mo rántí fìlà mi lára èèkàn.

Mo padà lọ mú fìlà. Mo nawọ́ sí i, ọwọ́ mi kò gbé e. Èmi tí mò ń fa garawa amọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́! Mo wo ọwọ́ mi, ó mọ́ tónítóní. Ó wá yé mi: kò sẹ́ni tí í mú fìlà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti inú ilẹ̀ jáde tòun ti amọ̀ lọ́wọ́. Mo bá fẹsẹ̀ wá ihò àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri kòtò, mo sọ̀ kalẹ̀.

Ìsàlẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí yàrá tí wọ́n sun mọ́jú. Ihò kan ṣí wọ abẹ́ òkè lọ. Láti inú rẹ̀, mo gbọ́ ìró ọkọ́: kù, kù, kù, jẹ́jẹ́, ìró ẹni tó mọṣẹ́. Ó dáwọ́ dúró. Nígbà náà ni ohùn Ìyá dún lókè, ó ń gbọ̀n: “Oúnjẹ ti délẹ̀ o, ẹ gòkè wá!”

Ọ̀rẹ́ mi, èmi mọ ohùn kànga. Bí o bá pariwo sínú rẹ̀, á dá a padà fún ọ, ṣùgbọ́n ìwọ lo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mi ò tíì la ẹnu tí ẹnìkan fi sọ lẹ́yìn mi, bí ẹni tó ti rẹ̀, “Mò ń bọ̀.” Lẹ́yìn rẹ̀ ni èmi náà tó kígbe.

Mo gòkè. Mi ò wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n èémí kan ń fẹ́ sí gìgísẹ̀ mi títí mo fi dókè. Ìyá wo ojú mi, ó wo èjìká mi kọjá, ó sì kúnlẹ̀. Ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọkọ ọmọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ pẹ́ o.” Mo fọwọ́ amọ̀ mú fìlà mi, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, èèkàn kejì ti ṣófo. Fìlà alábùlẹ̀ wà láyà Ìyá, amọ̀ tútù wà létí rẹ̀. Ọwọ́ Ìyá sì mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló tẹ̀lé wa wá sí Ìkòtún. Mo sọ pé màá mú un bọ̀, mo mú un bọ̀. Ìyàwó mi ò lè sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti yéé sọ pé omi àti òkúta nìkan ló wà nísàlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé okùn ló ń fa ènìyàn jáde nínú kòtò. Ní báyìí mo mọ̀ pé ohùn ẹni tó kọ̀ láti lọ ni, ẹni tó pe ọ́ bí ẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ tilẹ̀ ń bà á. Bí mo bá ń gbẹ́ kànga nítòsí ilé, Ìyá á jókòó sórí àpótí lẹ́nu rẹ̀, ọ̀sán á pọ́n, á ké sí mi pé oúnjẹ ti délẹ̀. Mo máa ń tẹ́tí ná, kí n tó dáhùn. Títí dòní, èmi nìkan ló ń dáhùn. Ẹnì kejì ti délé.