Kí Ẹ̀ṣọ́ Tó Dúró Sẹ́nu Ọ̀nà

Aṣọ́lé ni wọ́n ń pè é ní ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ló ń ṣọ́. Fáìlì orí kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́. Yàrá rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Ọ̀sẹ̀ lè yí po kí ẹnikẹ́ni má kan ilẹ̀kùn rẹ̀, àfi bí nǹkan bá bàjẹ́.

Láràárọ̀, àwọn ará yàrá àyẹ̀wò á ṣí fódà tuntun sórí kọ̀ǹpútà, wọn á máa ju èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sínú rẹ̀. Ètò kan tí Aṣọ́lé kọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ fódà náà: bí èsì bá ti wọlé, á gbé e lọ bá dókítà. Ọdún mẹ́rin ni ètò yìí fi ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò kí i kú iṣẹ́ rí.

Ìgbà tó yá, èsì bàbá arúgbó kan tó ní àtọ̀gbẹ kò dé ọ̀dọ̀ dókítà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ bàbá náà méjì. Wọ́n wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi lé lórí, wọ́n rí Àǹtí Ẹlẹ́jẹ̀, obìnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

"Mo fi ránṣẹ́," ni obìnrin náà ń wí. "Bí mo ṣe ń ṣí fódà àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo jù ú sí i."

"Kọ̀ǹpútà kì í parọ́, àǹtí," ni ọ̀gá ilé ìwòsàn fèsì. "Àbí ebi ló pa á tó fi jẹ ẹ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Aṣọ́lé wà níbẹ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí obìnrin náà lọ jókòó sílé títí ìgbìmọ̀ ìwádìí yóò fi jókòó lọ́jọ́ Ajé.

Aṣọ́lé padà sí yàrá rẹ̀. Ó ṣí fódà ọjọ́ náà. Èsì wà níbẹ̀, ó jókòó bí àlejò tí wọn ò kí. Ìgbà náà ló rí àṣìṣe ara rẹ̀. Bí fódà tuntun bá ti ṣí, ètò rẹ̀ á kọ́kọ́ ka ohun tó wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀ṣọ́, ìyẹn apá ètò tó ń kíyè sí ohun tó ń wọlé, sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó bá wọlé lẹ́yìn kíkà, kí ẹ̀ṣọ́ tó dúró, kò sí nínú ohun tó kà, ẹ̀ṣọ́ ò sì rí i. Àlàfo náà kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibẹ̀ ni èsì bàbá arúgbó bọ́ sí.

Wákàtí kan ló fi tún un ṣe: kí ẹ̀ṣọ́ kọ́kọ́ dúró, kí kíkà wá tẹ̀ lé e, èyí tó bá hàn lẹ́ẹ̀mejì, kó gbé ẹyọ kan dànù. Ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Ọ́fíìsì ọ̀gá kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Kò lọ. Ó lọ sílé, ó jẹun lórí ìdúró. Fóònù rẹ̀ ò dún títí ọjọ́ Àìkú fi kọjá.

Lọ́jọ́ Ajé, ó jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀.

"Wọn ò pè ọ́, o ń jẹ́ 'mo wà ńbí'," ni ọ̀gá wí, ó bínú. Ṣùgbọ́n wọ́n dá Àǹtí Ẹlẹ́jẹ̀ láre.

Aṣọ́lé dúró dè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí mi."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ Ẹtì, mà."

"Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ mi bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo ba ẹsẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Níbo lo wà lọ́jọ́ Sátidé?"

"Ilé ni, mà."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi nìkan."

"Kó o máa wà bẹ́ẹ̀," obìnrin náà wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, èsì kankan ò tíì sọnù. Ẹnikẹ́ni ò sì tíì kan ilẹ̀kùn.