Àgbá Ọtí Inú Iyanrìn

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọn kò tíì máa rán mi lọ sí ọjà lémi nìkan, orí ẹní ìyá bàbá mi ni mò ń sùn. Abúlé wa kò jìnnà sí ọ̀nà Datcha. Tí ẹ bá dúró lẹ́yìn ilé wa, ẹ ó máa wo àwọn òkè Atakpamé lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn Faransé ló ń ṣàkóso wa nígbà náà. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé ìtàn ìjọba ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ọ̀rọ̀ ọtí kan ni, àti ti ìyá kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri nínú mi, ó sì ti ń rẹ̀ mí.

Ìyá àgbà yìí, ọtí bàbà ló ń pọn, gbogbo agbègbè wa ló sì mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. A óò rẹ ọkà bàbà sínú omi, a óò dà á sórí ewé kó lè hù, a óò sá a, a óò lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, a óò sì sè é títí èéfín yóò fi gba ojú wa. Ọtí yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lónìí ó dùn, lọ́la ó le, tó bá di ọ̀tunla, ó ti kan, ẹlẹ́dẹ̀ la óò dà á fún. Nítorí náà, ìyá àgbà kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní títọ́jú ọtí. Ibi kan ṣoṣo tó mọ̀ pé ọtí ń gbà lọ ni ọ̀nà ọ̀fun.

Ọdún kan wá, òwú ṣe dáadáa. Bàbá mi ru òwú rẹ̀ lọ sí Atakpamé, lọ sí ọ̀dọ̀ òyìnbó oníṣòwò kan tí wọ́n ti jọ ń dòwò pọ̀ tipẹ́. Òyìnbó yẹn ń múra àtipadà sí ìlú rẹ̀ nítorí àìsàn, ó sì ń ta àwọn ẹrù ilé rẹ̀. Àwa tí a wà nílé ń retí aṣọ, à ń retí iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ. Nígbà tí bàbá mi dé ní ọ̀sán, àgbá igi kan tó tó ìkòkò omi ló wà lórí rẹ̀. Ó dúdú, wọ́n sì fi irin dè é yíká. Ọrùn bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú èjìká rẹ̀ tán. Ìyá mi bá a sọ ọ́ kalẹ̀, ó bi í pé aṣọ wá dà? Bàbá mi ní owó òwú ti tán sórí àgbá yìí. Ìyá mi lọ sídìí odó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún iṣu bí ẹni pé iṣu ló ṣẹ̀ ẹ́.

Bàbá mi wá ṣàlàyé. Ó ní bíà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú bíà inú ìgò tí àwọn akọ̀wé ń mu. Inú àgbá igi tí ọtí líle ti kọ́kọ́ gbé ni wọ́n rọ ọ́ sí, ó sì ti fa agbára igi náà mu. Òyìnbó yẹn sọ fún un pé bí ó bá rí ibi tútù tó ṣókùnkùn gbé e sí, ọdọọdún ni yóò máa dára sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá ti lu ú ní ihò lẹ́ẹ̀kan, a gbọ́dọ̀ mu ún tán ni. Kò sí pé ká mu díẹ̀ ká tún dé e padà.

Ẹ̀yin náà rí i pé ọ̀rọ̀ náà ṣòro díẹ̀. Tí a bá ṣí i, ó tán. Tí a kò bá ṣí i, a ò ní mọ̀ bóyá òótọ́ ni òyìnbó sọ. Àbúrò bàbá mi, tí ilé rẹ̀ fara ti tiwa, ní ká mu ún nígbà ìjẹṣu tó ń bọ̀. Ìyá àgbà na ọwọ́, ó fi ìka kan àgbá náà bí ó ti máa ń kan ìkòkò láti mọ̀ bóyá ó ti sán. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní ọtí tó bá ti lo ọdún, ọtí kíkan ni, ẹni tó tà á fún ọmọ òun ti rẹ́ ẹ jẹ. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, kò jiyàn. Ó kàn ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ọjọ́ tí òun máa ṣí i ti wà lọ́kàn òun.

Gbogbo wa la mọ ọjọ́ tó ń wí. Nígbà tí bàbá bàbá mi kú, ìyàn mú, kò sí ọkà bàbà nílé ẹnikẹ́ni. Omi lásán ni wọ́n gbé fún àwọn tó gbẹ́ sàréè. Àwọn àna àti àwọn àlejò padà sílé wọn, wọ́n sì fi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Géndé ni bàbá mi nígbà yẹn, gbogbo rẹ̀ ló sì gbọ́. Ó wá pinnu pé ti ìyá òun kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ó gbẹ́ kòtò sí ìyẹ̀wù rẹ̀, ó kó iyanrìn odò sí i, ó gbé àgbá náà sí àárín, ó sì bò ó títí ó fi ku orí rẹ̀ nìkan. Iyanrìn náà gbọ́dọ̀ máa tutù, kí igi má baà là. Èmi ni iṣẹ́ yẹn já lé léjìká. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, omi máa ń jìnnà sí wa. Màá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò, màá tún gun òkè padà, ọrùn á máa ro mí. Ohun tí mi ò mọ adùn rẹ̀ ni mò ń bomi rin. Ìyá àgbà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wò mí bí mo ṣe ń da omi, á sì mí kanlẹ̀.

Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún. Ojú ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, orúnkún rẹ̀ kò gbé e dé ìdí ààrò mọ́. Ó fi ọtí pípọn sílẹ̀ fún ìyá mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá mi ń pọ́n àdá ní àgbàlá, ìyá rẹ̀ sì pè é.

"Ọmọ mi, ta lo ń tọ́jú ọtí yẹn dè?"

"Ìyá, ẹ̀yin náà ni."

"Èmi rèé, mo jókòó síbí."

Bàbá mi dá ọwọ́ àdá dúró. Ó gbìyànjú láti sọ fún un pé ọjọ́ ẹ̀yẹ rẹ̀ lòun ń rò, pé òun kò fẹ́ kí àwọn èèyàn tún rí nǹkan sọ. Ìyá rẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó wá sọ fún un, láìgbé ohùn sókè, pé lọ́jọ́ yẹn, gbogbo abúlé ni yóò mọ adùn ọtí náà àfi òun. Ó ní gbogbo ayé òun lòun fi pọntí fún ẹlòmíì, òun náà fẹ́ kí ẹnì kan bu tiẹ̀ fún òun. Bàbá mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n àdá rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Kò pẹ́ sí i ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọkùnrin lọ síbi tí wọ́n ti ń la ojú irin lọ sí àríwá. Kọmándà, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, á ránṣẹ́ sí olórí abúlé, olórí abúlé á pe orúkọ. Kò sí ẹni tó ń bi ọ́ bóyá iṣu rẹ ti wọ ilẹ̀. Wọ́n pe bàbá mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Ìyá, mo ti gbọ́ ohun tí ẹ wí," ó ní. "Tí mo bá dé, èmi àti ẹ̀yin la jọ máa mu ún. Ẹ dúró dè mí."

Ìyá àgbà ní òun kò níbi tí òun ń lọ.

Ó dúró dè é lóòótọ́. Kò sí òwúrọ̀ kan tí kì í bi mí bóyá mo ti bomi sí iyanrìn. Ẹni tó sọ pé ọtí náà ti kan, òun ló wá ń ṣọ́ ọ lójú méjèèjì. Àbúrò bàbá mi dá a lábàá pé ká lu àgbá náà, kí ìyá mu tirẹ̀, nítorí ara rẹ̀ kò le mọ́. Ó kọ̀. Ó ní òun àti ọmọ òun ti jọ ṣàdéhùn.

Òjò rọ̀ títí, ẹ̀ẹ̀rùn sì dé kí bàbá mi tó padà. Kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló fi aṣọ gbé e bọ̀ láti Atakpamé. Ó ti rù kan egungun, ikọ́ sì ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Mo rántí pé ìyá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń fọ eruku òkúta kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń fọ̀ ọ́, eruku náà kò sì tán.

Ìyá àgbà ní kí wọ́n mú òun lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n hú àgbá náà jáde. Bàbá mi mi orí. Ó ní ohunkóhun tí òun bá fi sẹ́nu báyìí, bí eérú ló ń rí. Ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó ní sùúrù díẹ̀ sí i, kí ara òun yá, kí òun lè mọ̀ bóyá ó dára. Ó ní òun kò fẹ́ mu ún lásán. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní ó dáa.

Ara rẹ̀ kò yá. Oṣù yẹn kò tíì parí tí bàbá mi fi kú.

Mo ti dàgbà, mo sì ti sin ọ̀pọ̀ èèyàn. Síbẹ̀, ọjọ́ ìsìnkú yẹn ni mo ṣì máa ń rí tí mo bá di ojú. Àwọn èèyàn wá láti Datcha, wọ́n wá láti ọ̀nà Elavagnon. Àwọn tó gbẹ́ sàréè parí iṣẹ́, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Kò sí ọtí. Ìyá mi tó ń tọ́jú aláìsàn kò ráyè pọn nǹkan kan. Àbúrò bàbá mi dúró láàárín àgbàlá, ó wo ẹnu ọ̀nà ìyẹ̀wù, ó sì wo ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

"Ẹ lọ gbé e wá."

Wọ́n hú u. Wọ́n lu ú ní ihò. Ohun tó tú jáde dúdú bí àdín, ìfófòó díẹ̀ sì wà lójú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba àgbàlá, òórùn igi àti ti oyin tó jóná díẹ̀. Igbá àkọ́kọ́, ìyá àgbà ni wọ́n bu ú fún. Mo bá a di igbá náà mú. Ó mu díẹ̀, ó sì jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe tó bá ń tọ́ ọtí tí òun fúnra rẹ̀ pọn wò. Lẹ́yìn náà ló gbé e mì.

"Ọmọ mi kò parọ́," ó wí. "Ó ti dára sí i."

Ó rọra ti igbá náà kúrò lẹ́nu. Ó ní kí wọ́n gbé e fún àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n mu ún tán lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn kò mu irú rẹ̀ rí. Orúkọ bàbá mi ló wà lẹ́nu gbogbo wọn, òun alára kò sì gbọ́.

Ìyá àgbà ṣì lo ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí òun náà lọ, èmi àti ìyá mi la pọn ọtí bàbà. Ọtí tuntun ni, ó gbóná díẹ̀, wọ́n mu ún, ó tán. Kò sẹ́ni tó fi wá sọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo Atakpamé òde òní. Bíà tútù wà ní gbogbo ìkóríta, ẹni tó bá fẹ́ mu kò tíì jókòó tán tí wọ́n fi ń ṣí i fún un. Kò sí kọmándà tó ń pe orúkọ ọkùnrin mọ́. Omi ẹ̀rọ wà nítòsí, ọrùn ọmọbìnrin kan kò ní ro ó nítorí àgbá ọtí. Mo dúpẹ́ fún gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé dá páropáro. Láyé ìgbà tiwa, wọ́n ń fi tipátipá kó àwọn ọmọ lọ ni. Ní báyìí, àwọn fúnra wọn ló ń lọ, wọ́n sì ń jìnnà ju ibi tí ojú irin dé lọ.

Ọmọ ọmọ mi kan tó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé wá kí mi nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Ó gbé ìgò bíà kan wá, wọ́n fi ìda dí ẹnu rẹ̀. Ó ní inú àgbá igi ni wọ́n gbé e sí kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò, pé ó wọ́n púpọ̀, bóyá ká kúkú fi pamọ́ fún ọdún mélòó kan kó lè dára sí i. Kò mọ ohun tí mo sọ fún yín yìí, mi ò sọ ọ́ fún un rí. Mo wo ojú rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló ń padà lọ. Mo ní kó mú ife méjì wá.

Ọtí náà korò, ó sì ń ta ni lọ́fun. Ọmọ náà ní òun ti wí, kò tíì tó àkókò. Òótọ́ ló sọ. A jókòó síbẹ̀, a mu ún tán.