Asiata Aláró àti Ọmọ Tí Wọ́n Fẹ́ Tì Mọ́lé

Ní àdúgbò Ìgbẹ̀ìn, kò sẹ́ni tí kò mọ Asiata aláró. Aró ti mú ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá, kò sì mọ irọ́ í pa. Bóyá ìyẹn ni ìjọba rò tí wọ́n fi yàn án, lọ́dún 1981, láti máa jókòó ti adájọ́ ní kóòtù àwọn ọmọdé.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú Mọ́níkẹ́ wá. Ọmọ òrukàn ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọkùnrin kan ń tàn án lọ sí Èkó kí ọlọ́pàá tó gbà á sílẹ̀ ní gáréèjì Kútò. Láti ìgbà náà ló ti wà ní ilé ìtọ́jú ìjọba, tí wọ́n ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fo fèrèsé.

Ọ̀gbẹ́ni Herbert, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó o, dìde. "Ó ku oṣù méjì kó pé ọdún méjìdínlógún, sà. Ọkùnrin yẹn ṣì ń wá a kiri. Ẹ jẹ́ ká tì í mọ́lé fún ọdún kan sí i."

Adájọ́ mirí. "Ọjọ́ tó bá pé méjìdínlógún, agbára wa lórí rẹ̀ tán. Títí di ìgbà náà, a lè fi í síbẹ̀, tàbí ká fà á lé ẹni tó ṣeé fọkàn tán lọ́wọ́."

Asiata yíjú sí ọmọ náà. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́?"

"Ẹ̀rù ọkùnrin yẹn ń bà mí, mà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tilẹ̀kùn, ṣe ló ń dà bíi pé èmi ni mo ṣẹ̀."

Asiata dìde lórí àga rẹ̀. "Ẹ yọ mí kúrò nínú ẹjọ́ yìí, sà. Mo fẹ́ gbà á sọ́dọ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Herbert lọ wo ilé rẹ̀ fínnífínní. Lọ́sẹ̀ kejì, kóòtù fọwọ́ sí i.

Oṣù kan kò tíì pé tí ọkùnrin tó fẹ́ tàn án lọ sí Èkó fi yọjú, tó ní ìyàwó òun lòun wá mú. Asiata kò jiyàn. Ó kàn pariwo ẹ̀ẹ̀kan, obìnrin mẹ́sàn-án tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì dìde nídìí ìkòkò aró pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni ọkùnrin náà gbàgbé sí àgbàlá bó ti ń sá lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Mọ́níkẹ́ pé méjìdínlógún, Asiata pè é. "Láti òní, kò sí kóòtù tó lè sọ ibi tí wàá gbé. Bí o bá fẹ́ lọ, màá sìn ọ́. Bí o bá fẹ́ dúró, ilé rẹ nìyí."

Ọdún mẹ́rin ló tún fi dúró, tó ń kọ́ iṣẹ́ aró. Nígbà tó ń lọ dá iṣẹ́ aró tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìtòrí, Asiata fún un ní ìkòkò méjì, ó bá a gbé wọn dé ìdí ọkọ̀, ó sì ń kìlọ̀ fún dírẹ́bà pé kó rọra wa mọ́tò.