Gbémiga Tó Ń Sáré Fo Igi ní Rundle

Eré tí Olúgbémiga Akínbámi ń sá kì í ṣe eré ọ̀lẹ. Wọ́n á gbé igi ńláńlá dábùú ọ̀nà, wọ́n á gbẹ́ kòtò omi sẹ́yìn ọ̀kan, àwọn asáré á sì máa fò wọ́n yípo pápá títí èémí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pin. Igi náà kì í ṣubú bí ẹsẹ̀ bá gbá a. Ẹni tó gbá a ló ń ṣubú. Gbémiga kò ṣubú rí lójú mi. Láti ọdún 1983 ló ti ń gba ipò kìíní ní gbogbo Alberta, tí àwọn òyìnbó ń pe orúkọ rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ lórí rédíò.

Basement abẹ́ ilé kan náà la jọ ń gbé ní Rundle, nílùú Calgary ní Canada, nílé Ẹ̀gbọ́n Súmbọ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìjọba ìpínlẹ̀ rẹ̀ ló rán Gbémiga wá sí yunifásítì. Nígbà tí ìjọba yí padà nílé, wọn kò rántí rẹ̀ mọ́. Kò lè san owó ilé-ìwé, ìwé ìgbélùú rẹ̀ sì kú. Ló bá wá bá mi níbi tí mo ti ń gbé páálí lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú. Tí a bá ṣíwọ́, á lọ sí páàkì, á máa fo bẹ́ńṣì, á máa já sínú snow bí ẹni pé omi ni. Inú máa ń bí mi tí mo bá ń wò ó. Irú ẹni báyẹn, kí ló ń wá nídìí páálí?

Ohun kan ṣoṣo ló ń retí. Wọ́n fẹ́ yan àwọn tí yóò sáré fún Nàìjíríà níbi ìdíje gbogbo Áfíríkà ní Nairobi lọ́dún 1987, òyìnbó tó ń kọ́ ọ leré sì ti fi orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù ilé wa ránṣẹ́ sí Èkó.

"Dàpọ̀, tí wọ́n bá mú mi," ó sọ fún mi, "màá wọ green and white, màá lọ sílé bí ọmọ èèyàn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n dá mi padà bí ẹrù. Ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni o. O mọ ayé."

Mo mọ ayé. N kò sọ.

Nígbà náà, gbogbo ilé Yorùbá ní Northeast, apá ìlú tí à ń gbé, ló ní òfin kan: tí ohùn tí o kò mọ̀ bá béèrè ènìyàn lórí fóònù, ẹni náà ti lọ. Bí a ṣe ń dáàbò bo ara wa lọ́wọ́ immigration, àwọn tó ń lé àlejò tí kò níwèé padà, nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Súmbọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wa lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló ti fi gbà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, a ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Gbémiga, immigration pè lónìí. Ọkùnrin kan tó ń gba imú sọ̀rọ̀. Mo ní o ti travel tipẹ́, a ò mọ ibi tó o wà. Wọn ò ní pè mọ́."

Gbémiga dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dúpẹ́.

Lóòótọ́, wọn kò pè mọ́. Ẹnu òyìnbó tó ń kọ́ ọ leré ló ti gbọ́ pé Èkó ló pè, pé wọ́n wá a tì, wọ́n sì ti mú ẹlòmíràn. Nígbà tó sọ fún Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

"Ẹ dákẹ́, Ẹ̀gbọ́n," Gbémiga ní. "Ààbò lẹ fi bò mí."

Ṣùgbọ́n kò fo bẹ́ńṣì mọ́. Ó kàn ń jókòó lé e ni. Ní February 1988, gbogbo ayé kó wá sí Calgary fún Olympics ti snow. Nínú train, àwọn ọmọ tí kò dàgbà tó Gbémiga wọ jákẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n ń ṣàríyá, Gbémiga sì dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ike oúnjẹ rẹ̀. Ó dùn mí débi pé mo sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n Súmbọ̀ ti búra pé òun kò ní purọ́ lórí fóònù mọ́ láé. Bí fóònù bá dún báyìí, á sáré sí i. Kò pẹ́ tí àwọn àlejò Olympics lọ, ó dún nígbà tí à ń jẹun.

"Yes! Yes, he is here. He lives here. Hold on, please." Ó na fóònù sí Gbémiga, ojú rẹ̀ ń dán. "Ọkùnrin kan ń béèrè ẹ. Wọ́n tún ti pè ẹ́!"

Gbémiga nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Mo rí i tí ìrètí yọ lójú rẹ̀, Ọlọ́un ló mọ̀ pé mo rí i. Ó gbọ́ díẹ̀. "Yes, sir," ó ní. "No, sir, I am not a student again." Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Immigration gan-an ni lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì ń sọ fún un ọjọ́ tí yóò kó ẹrù rẹ̀ wá, kí wọ́n lè dá a padà sí Nàìjíríà.

Ó rọra gbé fóònù padà.

"Èkó ni, àbí?" Ẹ̀gbọ́n Súmbọ̀ béèrè.

"Èkó ni, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Wọ́n ní kí n máa bọ̀ nílé."

Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ nínú kíṣìnì, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Gbémiga jókòó padà, ó sì jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, kí obìnrin náà má baà fura.