Tíṣà Odùbánjọ, Tó Ń Fi Etí Wo Eré Ìje

Ní àárọ̀ ọyẹ́, kùrukùru máa ń bo pápá ilé-ìwé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde débi pé a kì í rí òpó gólù tó wà lápá ìsàlẹ̀. Dádì mi á dúró sí àárín pápá, á ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò súwẹ́tà rẹ̀ aláwọ̀ eérú, á sì dijú. Àwọn ọmọbìnrin tó ń sáré á wọ inú kùrukùru lọ, a ò ní rí wọn mọ́. Ìró ẹsẹ̀ wọn nìkan la ó máa gbọ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta sórí páànù. Dádì á wá pariwo láìlajú:

"Mubarakah, ẹsẹ̀ òsì rẹ ń pẹ́ nílẹ̀! Rahmah, má kánjú, rọra mí!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà!" Ohùn wọn á dáhùn láti inú funfun yẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Mo máa ń jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, màá gbá báàgì ìwé mi mọ́ àyà, oorun ò sì tíì kúrò lójú mi tán. Títí dòní, tí mo bá rántí àwọn àárọ̀ yẹn, n kì í lè sọ èyí tí mo fojú rí gan-an àti èyí tí mo lá.

Micah Odùbánjọ ni orúkọ bàbá mi. Ayépé ni wọ́n ti bí i. Bàbá tó bí i, Ernest, jẹ́ káfíńtà tó rìn títí dé ilẹ̀ àwọn Ìbíbíò nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó lọ bá ìjọ Lútéránì kan ṣe àga. Ọdún méjì ló lò níbẹ̀. Nígbà tó padà sí Ayépé, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dé, ó sì gbé ìjọ tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí dé. Àwọn ẹbí rẹ̀ tó jẹ́ Áńgílíkà ò bá a jà, àwọn tó jẹ́ Mùsùlùmí náà ò bá a jà. Ohun tí wọ́n kàn ń bi í ni pé, "Ìjọ wo tún nìyẹn?"

Ìbéèrè yẹn náà ni wọ́n bi Dádì títí orí rẹ̀ fi hewú. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní.

"Ìjọ tí wọ́n ti ń sọ fún èèyàn pé Ọlọ́run ti fẹ́ràn rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn."

Gbọ̀ngàn kékeré kan ni ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní ọ̀nà Ìmùsìn, a ò sì ju bí ọgbọ̀n èèyàn lọ. Dádì ló ń ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, òun ló ń gbálẹ̀, òun náà ló ń ka Bíbélì nígbà tí pásítọ̀ ò bá lè wá. Lẹ́yìn ìsìn, a ó lọ sílé lọ jẹ ìkọ́kọrẹ́, á sì sùn lórí àga gbọọrọ tó wà ní pálọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀.

Ìṣirò ni wọ́n gbà á láti kọ́ nílé-ìwé. Kò sẹ́ni tó ní kó di kóòṣì. Àmọ́ nígbà tí olùkọ́ eré ìdárayá fẹ̀yìn tì, tí ìjọba ò rán ẹlòmíì wá, àwọn ọmọbìnrin mélòó kan wá bá a pé àwọn fẹ́ máa sá ríléè, eré tí ẹni mẹ́rin ti ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Dádì ò sáré rí láyé rẹ̀. Ó ya ìwé kan lórí eré sísá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kà á tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Mubarakah ló yára jù nínú wọn. Àlàájì Àbúdù, aláṣọ, ni bàbá rẹ̀, Àlàájì sì ti sọ pé ọmọ òun ò ní sáré kiri níta gbangba. Dádì lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, òfo ló mú bọ̀. Nígbà tó máa lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó mú mi dání.

Àlàájì gbé omi fún wa. Ó jókòó, ó kọjú sí Dádì.

"Tíṣà, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín. Ṣé ẹ fẹ́ sọ ọmọ mi di onígbàgbọ́ ni?"

"Rárá o, Àlàájì. Tí àkókò ìrun bá tó, èmi gan-an ni màá dá eré dúró."

"Aṣọ péńpé tí wọ́n ń wọ̀ yẹn ńkọ́?"

"Télọ̀ ni ìyàwó mi. Bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ náà ló máa rán an."

Àlàájì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá yíjú sí mi. "Ọmọ yín rèé? Ṣé òun náà ń sáré?"

"Ó ń sáré o, Àlàájì," ni Dádì wí. "Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń wà."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló rọ Àlàájì lọ́kàn, nítorí kí omi tó tán nínú ife, ó ti gbà. Ṣùgbọ́n èmi wolẹ̀. Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé àwọn ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ líle ló ni bàbá mi, pé ìyókù wọn ni mò ń jẹ. Nígbà tí a jáde, ó na ọwọ́ sí mi, n ò dì í mú. A rìn títí a fi kọjá ilé epo. Ó dúró lójijì lẹ́bàá títì, ó lóṣòó kí ojú wa lè ṣe déédéé.

"Ayọ̀fẹ́, mo ta ọ́ lọ́pọ̀ níbẹ̀ yẹn. Mo fi ọ́ ra ojú rere. Kò dáa. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

N ò rí i rí kí bàbá ẹnikẹ́ni tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ. Mo kàn dì í lọ́wọ́ mú, a sì ń lọ, oòrùn ìrọ̀lẹ́ pọ́n bí epo lórí páànù àwọn ilé.

Mọ́mì mi, Mọ́ṣádé, rán ṣòkòtò gígùn àti híjáàbù fífúyẹ́ fún Mubarakah. Ó fi rọ́bà sí i nísàlẹ̀ kí atẹ́gùn má baà máa gbé e. Ọmọ náà gbé e wọ̀, ó sáré yí ilé wa ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rín ní kèékèé.

A ò mọ̀ pé ojú Dádì ti ń lọ. Ó ń fara gbún férémù ilẹ̀kùn, ó ń da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ó sì ń ní iná ló ṣókùnkùn. Àwa náà gbà á gbọ́, nítorí iná máa ń ṣókùnkùn lóòótọ́. Kò sọ fún Mọ́mì pàápàá pé òun ti lọ rí dókítà ojú, pé wọ́n ti sọ fún òun pé gúlákómà ni, àrùn tó ń fọ́ ojú díẹ̀díẹ̀, ó sì ti pẹ́ lára.

Abẹ́òkúta ni ojú ọ̀rọ̀ ti yọ. Ìdíje àwọn ilé-ìwé ìpínlẹ̀ ni, mo sì bá wọn lọ. Aṣọ òféèfèé làwọn ọmọ wa wọ̀, ilé-ìwé mìíràn kan pẹ̀lú sì wọ òféèfèé. Mubarakah ló gba ọ̀pá gbẹ̀yìn. Ariwo sọ, àwọn èèyàn ń fò sókè, àwọn òféèfèé sì kọjá okùn. Dádì já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, ó sáré wọ pápá, ó gbá ọmọbìnrin tó gbé ipò kìíní mọ́ra, ó ń pariwo, "Mubarakah! Mo sọ fún ẹ! Mo sọ fún ẹ!"

Kì í ṣe Mubarakah. Ọmọ ọlọ́mọ ni. Ọmọ náà dúró gán-ún, kóòṣì rẹ̀ sì ń bọ̀ tìbínú-tìbínú.

Mubarakah ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó ń mí helehele, ó fọwọ́ kan apá Dádì jẹ́jẹ́.

"Tíṣà, èmi rèé. Ipò kẹta la ṣe, sà."

Dádì yí orí rẹ̀ síbi tí ohùn náà ti wá. Ó bẹ ọmọ ọlọ́mọ yẹn, ó bẹ kóòṣì rẹ̀, ó wá jókòó sórí koríko. Rahmah àti àwọn méjì yòókù jókòó tì í. Gbogbo ariwo pápá yẹn wá dà bí ohun tó jìnnà, bíi pé abẹ́ omi la wà.

Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀, ó ní, "Mà, ojú mi ò ríran mọ́ dáadáa. Mo yẹ kí n ti sọ ọ́. Ẹ wá kóòṣì mìíràn." Ọ̀gá náà ní kó máa kọ́ ìṣirò níwọ̀n bó bá ṣe lè ṣe é mọ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, Dádì ò dé pápá. Tó bá jí láàárọ̀, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á wọ bàtà rẹ̀, á tún bọ́ ọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a gbọ́ tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Mubarakah kúnlẹ̀.

"Tíṣà, ẹ dákun, ẹ wá jókòó lásán. Ẹ kàn máa gbọ́ wa."

"Kí ni kóòṣì tí kò ríran wúlò fún?"

"Nínú ọyẹ́, ìgbà wo lẹ rí wa rí, sà?"

Mọ́mì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Dádì wá súwẹ́tà rẹ̀.

Wọn ò gba ipò kìíní láyé. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe ipò kejì. Ọdún kẹta, ẹsẹ̀ Rahmah yẹ̀, wọn ò dé àṣekágbá. Ṣùgbọ́n Dádì kó àwọn ọmọ jáde fún ọdún mẹ́sàn-án sí i, títí tó fi fẹ̀yìn tì. Mubarakah ti di olùkọ́ ní Ìmùsìn báyìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré. Èmi di nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ojú Dádì ṣú pátápátá, èmi ni mò ń kán oògùn sí i. Ó máa ń ní kí n ṣàpèjúwe ojú ọ̀run fún òun, tí mo bá sì sọ pé ó kàn funfun ni, á ní, "Funfun bíi kí ni?" Mo ní láti kọ́ bí èèyàn ṣe ń wo ojú ọ̀run.

Ó kú lésìí, ní ìdájí, ó rọra lọ bí ẹni tó wọ inú kùrukùru. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ṣọ́ọ̀ṣì ò gba èèyàn. Àlàájì Àbúdù, tó ti ń fi ọ̀pá rìn, jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ níta, ẹ̀yìn fèrèsé ló ti gbọ́ ìsìn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní òun kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n òun ò ní jẹ́ kí Tíṣà lọ láìsin ín.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ló nira. Àwa ọgbọ̀n náà la tún kù. Pásítọ̀ pe orin, a sì dúró, ni a bá rí i pé Dádì ló máa ń dá orin láti ọdún gbọọrọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ohùn ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan gbìyànjú, ó lọ sókè jù, ó dákẹ́.

Mọ́mì mi, tí kì í kọrin jáde láàárín èèyàn, nítorí ó máa ń sọ pé ohùn òun há, dìde dúró dáadáa, ó di ẹ̀yìn àga iwájú mú. Ó dá orin náà, ohùn rẹ̀ kéré, ó ń gbọ̀n, ó sì bọ́ síbi tó yẹ. A gbè é.