Ọmọ Oníkọ́kọ́rọ́ Tilẹ̀kùn Mọ́ra Rẹ̀

Ogún ọdún ni bàbá kan ti ń ṣe kọ́kọ́rọ́ fún gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n kò sí yàrá kan nílé rẹ̀ tó ṣeé tì. Àwọn aládùúgbò ní bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òun ní ẹni tó bá fẹ́ tilẹ̀kùn mọ́ òbí rẹ̀, kó lọ kọ́lé tirẹ̀.

Àbígbẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kékeré nítorí pé ẹnu rẹ̀ dàgbà jù ú lọ, pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́rọ́ sí yàrá òun. Bàbá bi í ní ohun tó fẹ́ fi pamọ́. Ó ní kò sí; òun kàn fẹ́ máa dá wà ni. Bàbá ní ìyẹn gan-an ló ń ba òun lẹ́rù.

Ọmọ kò bá a jiyàn. Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí kò sẹ́ni nílé, ó yọ àgádágodo ògbólógbòó kan nínú àpótí irinṣẹ́ bàbá, irú èyí tí wọ́n ń rì sínú igi ilẹ̀kùn. Ó gbẹ́ ihò, ó rì í síbẹ̀, ó tì í láti inú. Nígbà tó fẹ́ jáde, kọ́kọ́rọ́ yí, ilẹ̀kùn kò mira. Irin sì wà lójú fèrèsé.

Ọ̀sán ni bàbá dé. Ó gbọ́ bí irin ṣe ń ró, ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú báàgì iṣẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi ṣí i."

"Ìgbà wo lo máa wá jáde?"

"Tí mo bá ṣí i."

Bàbá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Oníbàárà pè é lórí fóònù, bàbá ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá ọmọ dé, ó ní kó fọ́ ilẹ̀kùn. Bàbá ní ilẹ̀kùn kò ṣẹ òun. Ó ní kí ọmọ kọ́kọ́ tú síkúrúù òkè. Ọmọ ní òun ti tú u. Bàbá ní kó má fipá yí i. Ọmọ ní òun mọ̀. Látìgbà náà ni bàbá ti panu mọ́, iṣẹ́ tó sì le jù tó ṣe lọ́sẹ̀ náà nìyẹn.

Ó tó wákàtí mẹ́ta kí àgádágodo tó já bọ́. Ọmọ yọ síta, òógùn bò ó. Bàbá bẹ̀rẹ̀ wo ihò náà, ó fìka kàn án.

"O gbẹ́ ẹ jìn jù. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin kọ́."

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá gbé àgádágodo tuntun sórí tábìlì, kò sọ ẹni tó ni ín. Ìyá Kékeré fúnra rẹ̀ ló rì í mọ́ ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló bá a wá. Ó mú ọ̀kan, ó fún ìyá rẹ̀ ní èkejì. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, ṣùgbọ́n kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà.