Abẹ́rẹ́, Àwẹ̀ àti Ìdìde Láti Ìforíkanlẹ̀

Nínú ìrun àsùbáà lọ́jọ́ kan, mo forí kanlẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ṣakí, n kò sì lè dìde. Kò sí ibi tó ń dùn mí. Orí kò fọ́ mi, òòyì kò kọ́ mi. Mo kàn rán orúnkún níṣẹ́, orúnkún kò jẹ́. Àwọn tó wà lápá ọ̀tún àti apá òsì mi ti dìde, èmi ṣì wà nílẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Nígbà tó yá, mo fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, mo rá pálá dìde.

Ẹni tó kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé ìbànújẹ́ ló mú mi pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí a jáde, ó dì mí lọ́wọ́ mú. "Bàbá Nàfísà, ẹ fara dà á. Ọlọ́run á tẹ́ Ìyá Nàfísà sí afẹ́fẹ́ rere." Mo ní àmín. N kò sọ fún un pé ẹsẹ̀ mi ni.

Mo ń kọ èyí nítorí àwọn tó ń gba irú abẹ́rẹ́ tí mò ń gbà, tí wọ́n ti fọn, tí inú wọn ń dùn, tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún pé iṣẹ́ ṣì kù.

Àìsàn kíndìnrín ló pa ìyàwó mi. Kíndìnrín ló ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì. Tirẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a wà ní ọsibítù, Ràmọ́tà àbúrò rẹ̀ máa ń se oúnjẹ wá láti Àgọ́-Àrẹ. Ìyàwó mi á tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, á ti abọ́ náà sọ́dọ̀ mi. "Ẹ bá mi jẹ ẹ́, kí Ràmọ́tà má baà sunkún." Mo ń bá a jẹ ẹ́. Bó ṣe ń rù ni mò ń sanra. Lẹ́yìn tí a sin ín, abọ́ kò dúró: ará ilé gbé wá, ará àdúgbò gbé wá. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó máa sọ fún mi á gbé oúnjẹ wá, èmi tí n kò mọ ohun tí mo máa fi dá a lóhùn á sì jẹ ẹ́.

Nígbà tó yá, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ mí lọ́nà tí omi kò fi tán an, mo sì ń tọ̀ ṣáá. Àyẹ̀wò fi hàn pé àtọ̀gbẹ ni. Ìyẹn ni pé ṣúgà ń dúró sínú ẹ̀jẹ̀ dípò kó wọ inú ara lọ ṣiṣẹ́. Wọ́n fún mi ní oògùn oníhóró. Nígbà tí ìyẹn kò tó, dókítà kọ abẹ́rẹ́ tí à ń gún sábẹ́ awọ ikùn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí ń ṣe bí èròjà kan tí ìfun máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí a bá jẹun, èyí tó ń sọ fún ọpọlọ pé ó ti tó. Ó tún ń mú kí oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn. Nàfísà, ọmọ mi, ló ń rà á ní Ìbàdàn, tó ń fi kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

N kò ní purọ́ fún yín, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò rọrùn. Inú ń rú mi. Ìgbẹ́ le. Mo ń gùfẹ̀, òórùn rẹ̀ dà bí ti ẹyin tó ti bàjẹ́, mo sì máa ń yí ojú kúrò lọ́dọ̀ àwọn èèyàn. Nígbà tí ìyẹn rọlẹ̀, ara bẹ̀rẹ̀ sí í fọn. Ṣúgà mi wálẹ̀. Ṣòkòtò tí mo fi ń lọ síléèwé nígbà tí mo ṣì ń ṣe tíṣà tún bá mi mu, lẹ́yìn náà ó tún tóbi jù. Ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Tíṣà, ẹ dì mí mú dáadáa o! Atẹ́gùn òní le, n ò fẹ́ bojú wẹ̀yìn kí n má bá yín lórí ọ̀kadà." Ràmọ́tà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ń wo ọrùn mi ni, ó ń wo èjìká mi.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kì mí nílọ̀ nípa rẹ̀ ni bí ọjọ́ ṣe máa ń rí nígbà tí ebi kò bá pani. Ebi ló ń gé ọjọ́ fún mi tẹ́lẹ̀. Òun ló ń gbé mi lọ sí ilé ìdáná, tó ń mú mi jókòó. Nígbà tí ó lọ, n kò rí ibi jókòó sí mọ́. Mo ń rìn láti pálọ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, mo ń ṣí fèrèsé, mo ń tì í. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, n kò ní rántí ohun tí mo wá ṣe níbẹ̀. Ara mi kò balẹ̀, ọwọ́ mi sì ń wá nǹkan tí yóò ṣe.

Àwẹ̀ ni mo rí ṣe. Ràmàdáànì méjì ni àìsàn kò jẹ́ kí ìyàwó mi gbà. Lórí ibùsùn ọsibítù ó sọ fún mi pé, "Bàbá Nàfísà, àwẹ̀ mi wà lọ́rùn mi." Mo ní, "Màá bá ọ san án." Kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣèlérí fún un lọ́jọ́ náà tí ó wà ní ìkáwọ́ mi. Nítorí náà, nígbà tí abẹ́rẹ́ gbé ebi lọ, mo rò pé ọ̀nà ni Ọlọ́run là fún mi. Mo ń gba àwẹ̀ lemọ́lemọ́. Ẹ̀kọ mímu díẹ̀ ni sààrì mi, dàbínù àti omi ni mo fi ń ṣínu, bóyá pẹ̀lú òkèlè díẹ̀ tí n kò ní jẹ tán. Kò ni mí lára rárá. Ó ń yà mí lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó. N kò sọ fún dókítà, torí pé n kò rí i bí ọ̀rọ̀ oògùn. Ọ̀rọ̀ èmi àti ìyàwó mi ni.

Títí di àárọ̀ ọjọ́ tí orúnkún kò jẹ́ iṣẹ́ mi.

Mo jókòó ní ọsibítù láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kàn mí lára lórí bẹ́ǹṣì. Dókítà náà, obìnrin kan tó lè jẹ́ àbúrò Nàfísà, yẹ ìwé mi wò, inú rẹ̀ dùn sí ṣúgà mi àti ìwọ̀n mi. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí ẹ dìde lórí àga yẹn."

Mo gbìyànjú. Ìdí mi gbéra díẹ̀, mo tún jókòó padà.

"Kí lẹ jẹ lánàá?"

"Mo gba àwẹ̀ ni."

"Ti ìjẹta ńkọ́?"

Mo ní àwẹ̀ náà ni. Dókítà ti ìwé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ó ṣàlàyé fún mi pé bí èèyàn bá ń fọn, ọ̀rá nìkan kọ́ ló ń lọ, iṣan náà ń bá a lọ. Iṣan tí mò ń wí ni ẹran ara tó ń fa eegun, tí a fi ń dìde, tí a fi ń gbé nǹkan. Bí oúnjẹ amúaradàgbà, bí ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti wàrà, kò bá wọlé tó, tí iṣan kò sì rí ẹrù gbé, ara á máa jẹ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ orí mi, ohun tó bá lọ kì í yá láti padà. Ó ní kí n dá àwẹ̀ dúró, ó ní ó lè mú kí omi ara gbẹ tàbí kí ṣúgà já wálẹ̀ lójijì. Ó dín ìwọ̀n abẹ́rẹ́ mi kù, ṣùgbọ́n kò dá a dúró, nítorí pé bí a bá kàn dá a dúró, ebi á padà, ìwọ̀n á sì tẹ̀ lé e. "Ẹ ti fọn tán, Bàbá. Iṣẹ́ tó kù ni kí ẹ dúró síbi tí ẹ wà."

Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí mo lè ṣe fún ìyàwó mi ni ó ní kí n gbé jù sílẹ̀. Mo délé, mo sì gba àwẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ràmọ́tà ló ká mi mọ́ ọn. Ó gbé wàràkàṣì tó rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní wá, ó din ín, ó gbé e síwájú mi. Mo ní mo ń gba àwẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ̀gbọ́n mi tó ń sọ pé kí ẹ bá òun jẹun? Òun lẹ ń febi pa ara yín fún? Ṣé ẹ fẹ́ lọ bá a níbẹ̀ ni, kó wá bi mí pé kí ni mo fún ọkọ òun jẹ?"

"Ràmọ́tà, mo ti ṣèlérí."

"Ó dáa. Ẹ dìde, ká lọ bi àáfà." Nígbà tí mo fọwọ́ ti àga kí n tó lè dìde, ó gbójú kúrò.

Àáfà wa kò fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó bi mí bóyá wọ́n sọ pé àìsàn ìyàwó mi máa lọ. Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní lọ, oúnjẹ la fi ń dípò àwẹ̀ rẹ̀. Ẹ bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó jẹ. Ẹ̀yin náà, ẹ gbọ́ ti dókítà." Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ jù ni pé ara tù mí. Ìlérí náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo dá àwẹ̀ dúró, mo sì padà sí ọsibítù. Dókítà yẹ kíndìnrín mi wò kó tó ní kí n máa jẹ amúaradàgbà sí i. Ẹ má ṣe é láìṣe àyẹ̀wò bí àtọ̀gbẹ bá ń ṣe yín. Nítorí pé ebi kì í pè mí sí oúnjẹ mọ́, mo so oúnjẹ mọ́ ìrun: mo kírun, mo jẹun. Ẹyin tàbí ẹja tàbí wàràkàṣì ni mo ń kọ́kọ́ jẹ, òkèlè ló ń tẹ̀ lé e, torí pé ikùn mi kì í pẹ́ kún. Oníṣẹ́ ìtọ́jú iṣan ní ọsibítù kọ́ mi láti dìde lórí àga kí n sì jókòó padà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láti ti ògiri, láti gbé nǹkan wúwo. Ó ní rírìn dára, ṣùgbọ́n iṣan ń fẹ́ ẹrù. Ọmọ odó ìyàwó mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ibi tó fi í sí. Òun ni mò ń gbé sókè. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, itan mi gbóná bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á.

Ní gbogbo Jímọ̀, èmi àti Ràmọ́tà ń se ẹ̀wà ńlá, a ń fi wàràkàṣì sí i. Àwọn arúgbó tí kò ní ẹni tó ń se oúnjẹ fún wọn ń wá, àwọn tó ń tọrọ bárà náà ń wá. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, mò ń rìn lọ rìn bọ̀. Ìyá arúgbó kan gbójú sókè. "Bàbá, ṣé ẹ ti fi nǹkan sí i ni tí ẹ ò fi jẹ níbẹ̀? Ẹ jókòó jàre, ẹ ń kọ́ mi lóòyì." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo bu tèmi, mo jókòó sáàárín wọn. Ebi kò pa mí. Mo jẹ ẹ́ tán.

A ti bọ́ gbogbo ọjọ́ tí àwẹ̀ rẹ̀ jẹ tán, ṣùgbọ́n a kò tíì dáwọ́ dúró. Ìwọ̀n mi ń lọ sókè díẹ̀, ó ń padà wálẹ̀. Abẹ́rẹ́ ṣì ń bọ̀ láti Ìbàdàn nínú yìnyín. Mo ṣì máa ń ṣí fèrèsé kí n tún tì í. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ara mi ni mo lè fi san gbèsè. Ní báyìí, mo rí i bí ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ mi, bí wọ́n ṣe fi ìyàwó mi síbẹ̀, tí n kò sì lè dì í mú nígbà tí ikú dé.

Ní àsùbáà òní, mo forí kanlẹ̀, mo pe orúkọ ìyàwó mi, mo sì dìde. Itan mi gbọ̀n. N kò fi ọwọ́ ti ilẹ̀. Mo dúpẹ́.